Iyùn Kọkànlélọ́gbọ̀n

Sọ́ńdè, Júláì 6

Ooru omi òkun 86.2 lórí ìwọ̀n Fahrenheit. Dallas 101, bẹ́ẹ̀ aago méjì ọ̀sán kò tíì lù.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti wo ooru omi lórí fóònù. Bàbá Ìbùkún ní bí mo ṣe ń yẹ òkun wò láràárọ̀ yìí, bí ibà bá mú òun mi ò ní mọ̀. Mo ní kí ibà kọ́kọ́ mú un ná, ká wò ó.

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí omi ti wà lókè 86. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iyùn alààyè ìsàlẹ̀ òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Iyùn kọkànlélọ́gbọ̀n, èyí tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi, fẹ̀ ju tábìlì ìjẹun wa lọ. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń wakọ̀ wákàtí márùn-ún láti Lewisville dé Galveston, tí mo tún ń fi wákàtí mẹ́jọ jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi, kí n lè rí i fún ogún ìṣẹ́jú. Mi ò lè sọ pé mo ń tọ́jú rẹ̀. Jessica tó ń darí àwa tí a yọ̀ǹda ara wa kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Wọmi, fi káàdì àwọ̀ wé e, kọ nọ́ńbà sórí síléètì, ya fọ́tò, jáde. Iyùn tí ara rẹ̀ dá, 6 ni, ó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Èyí tó funfun báláú, 1 ni. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí èémí aláìsàn bá ń lọ sílẹ̀, mo ní ẹ̀rọ tí mo lè yí sókè. Nísàlẹ̀ òkun, pẹ́ńsùlù nìkan ni mo ní.

Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ Olúfúnṣọ́ rí mi níbi tí mo gbé mọ́tò sí. Wọ́n ní, "Ìyá Oníyùn! Iyùn wa ńkọ́?"

Mo ní, "A dúpẹ́, sà. Ó wà dáadáa."

Láti oṣù karùn-ún ni mi ò ti fojú kàn án.

Wẹ́sìdeè, Júláì 9

Wọ́n fagi lé ìrìn-àjò Sátidé. Afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, ìgbì ga ju èèyàn lọ. Sífíìtì ọsibítù tí mo bẹ̀bẹ̀ kí n tó rí ẹni bá mi ṣe, ẹni tí mi ò tilẹ̀ fẹ́ràn láti bẹ̀, ti di òfo.

Tọ́sìdeè, Júláì 17

87.1.

Túsìdeè, Júláì 22

87.3. Epo mọ́tò ti di dọ́là 2.79 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ẹ̀rọ amúlétutù òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ń dún gburu-gburu, Bàbá Ìbùkún ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bọ̀dá Albert pè láti McKinney. Àwọn ló kọ́ mi ní ìwọmi nígbà tí mo pé ogójì ọdún. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, wọ́n ní inú ọkọ̀ ojú omi ni ìyá àwọn bí àwọn sí. Mo gbà wọ́n gbọ́, nítorí àwọn nìkan ló ń sùn hanrun nínú ọkọ̀ Galveston nígbà tí gbogbo wa ń bì. Iyùn tiwọn ni 30, ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré sí tèmi.

"Gbémi, ṣé o ti wo omi lónìí?"

"Mo ti wò ó, sà."

"Mo ní kí n má wò ó, mo tún wò ó."

Àwa méjèèjì mọ̀ pé wíwò ò mú un tutù.

Sátidé, Ọ́gọ́ọ̀sì 2. Nínú ọkọ̀

Ọkọ̀ ń mì, ẹni tó bá ka èyí lọ́jọ́ kan kó fara balẹ̀.

Ó ti funfun. Gbogbo òkìtì iyùn yẹn, láti ibi tí okùn ìdákọ̀ró wà títí dé ibi tí ojú mi mọ, bí ẹni da àpò fùláwà sórí wọn. Kí n tó dé ìsàlẹ̀ ni mo ti rí i, mo sì gbàgbé láti mí fún ìṣẹ́jú kan, èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n máa sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n mí. Àwọn ẹja ń lọ wọ́n ń bọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

31: ibi tó dúdú jù, 2. Ibi tó funfun jù, 1. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Funfun kì í ṣe ikú. Ohun kékeré tó ń gbé inú ara rẹ̀ tó sì ń bọ́ ọ ló ti sá jáde nítorí ooru. Ebi ló ń pa á. Bí omi bá tètè tutù, oúnjẹ rẹ̀ á padà wálé. Bí kò bá tutù, ó parí. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi sún mọ́ ọn láì fọwọ́ kàn án, mo sì gbàdúrà sínú páìpù ẹnu mi. Ṣé àdúrà inú páìpù ń gòkè? Ó kéré tán, mo rí ìfófòó rẹ̀ tó gòkè.

Túsìdeè, Ọ́gọ́ọ̀sì 5

87.6.

Jessica kọ̀wé sí gbogbo wa. Ibi ìwádìí kan létíkun ti gbà láti kó ogún iyùn pamọ́ sínú omi tútù lórí ilẹ̀. Wọn ò lè hú odidi iyùn, wọ́n á gé díẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó bí àkàrà kan, kí ìran rẹ̀ má bàa parẹ́. Àwọn tó funfun lọ́dún tó kọjá tí wọ́n tún funfun lọ́dún yìí ni wọ́n máa mú. Ó ní èyí tó bá funfun lẹ́ẹ̀kan lè dìde fúnra rẹ̀. Ọdún méjì léra ló ń pa wọ́n. Inú ìwé àkọsílẹ̀ àwa tí a ń wọmi ni wọ́n ti máa yan ogún náà.

Mo kà á tán. Mi ò jẹun alẹ́.

Tọ́sìdeè, Ọ́gọ́ọ̀sì 7

Orúkọ dé. Ogún nọ́ńbà. 30 ti Bọ̀dá Albert wà níbẹ̀. 31 kò sí. Mo kà á láti òkè, mo kà á láti ìsàlẹ̀.

Mo mọ ìdí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, nítorí kò sí ẹni tí mo tíì sọ fún.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, apá kan lára 31 funfun. Ibi náà tó ìbú àwo oúnjẹ méjì. Káàdì sọ pé 1. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an là ń gbààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí Pásítọ̀ ń kọ́ wa lálaalẹ́ pé ohun tí onígbàgbọ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè ló máa jẹ́ fún un. Mo gbé pẹ́ńsùlù, mo sì sọ fún ara mi pé ọwọ́ mi ò ní kọ ibi sórí nǹkan tí Ọlọ́run dá. Mo kọ 5. Mo ya fọ́tò apá tó dáa. Nígbà tí a padà débẹ̀ ní Nòfẹ́ńbà, ó ti di 5 lóòótọ́. Ayọ̀ mi kọjá sísọ. Mo ra kéèkì wálé, Ìbùkún ń bi mí pé whose birthday, mo kàn ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọsibítù, bí ẹnikẹ́ni lábẹ́ mi bá kọ 95 fún ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí ẹ̀rọ sọ pé 82 ni, èmi fúnra mi ni màá fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Mi ò rò ó rí pé nǹkan kan náà ni. Lọ́jọ́ yẹn mo pè é ní ìgbàgbọ́.

Ní báyìí, lójú ìwé, 31 ò ṣàìsàn rí. Ara rẹ̀ le. Kò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Sátidé, Ọ́gọ́ọ̀sì 9

Mo yẹ gbogbo fọ́tò ọdún tó kọjá wò, igba ó lé mọ́kànlá. Mo wá ibi funfun yẹn títí ojú fi ń ta mí. Mo ti yà á dáadáa, àbí kí n sọ pé mo ti bò ó dáadáa. Kò sí ẹyọ kan.

Mo sọ fún Bàbá Ìbùkún nígbẹ̀yìn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ìyá Ìbùkún, it's a rock."

Mo wò ó.

Ó ní, "Okay. Kì í ṣe òkúta." Ó dìde, ó lọ po Milo fún mi nínú ooru 104. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó ló ṣe yẹn, mo mu ún tán.

Mọ́ńdè, Ọ́gọ́ọ̀sì 11

Mo wakọ̀ lọ McKinney lẹ́yìn iṣẹ́ láti lọ jẹ́wọ́ fún Bọ̀dá Albert lójúkojú. Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wọn. Wọ́n ní kí n dìde, ṣé mo fẹ́ kí àwọn aládùúgbò rò pé àwọn ń jẹ oyè ni.

Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kejì tí a jọ wọmi ló ń fọwọ́ sí síléètì kóówá. Mo ní, "Ẹ ò mọ̀, sà."

"Mi ò wò ó ni. Ọdún mẹ́fà, mi ò wo tìẹ rí kí n tó fọwọ́ sí i. Mo ní Gbémi kì í purọ́." Wọ́n fọwọ́ pa irùngbọ̀n wọn. "Má dààmú. Kámẹ́rà mi wà ní on lọ́jọ́ náà. I have the video."

A jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n wá a títí, wọ́n rí i. Oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ náà gan-an. 30 jáde, ó funfun. Kámẹ́rà yí díẹ̀díẹ̀ sí apá 31. Mo gbá etí tábìlì mú. Ẹ̀yìn mi ló wà níbẹ̀. Mo dúró síwájú ibi funfun náà gan-an, sílíńdà afẹ́fẹ́ mi àti aṣọ dúdú mi, mo tẹ̀ síwájú, mo ń kọ 5 mi. Ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀, mi ò yẹ̀ níbẹ̀. Bọ̀dá Albert dá a padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́ẹ̀kẹrin mo bẹ ẹ̀yìn ara mi pé kó jọ̀ọ́ kó sún.

Wẹ́sìdeè, Ọ́gọ́ọ̀sì 13

Mo pe Jessica nígbà ìsinmi oúnjẹ, nínú mọ́tò mi, gbogbo fèrèsé tì. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Kò pariwo, ó bi mí ní ìbéèrè: ọjọ́ wo, ibi wo lára iyùn, ta ló rí i? Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo ń gbọ́ ìró bọ́tìnnì.

Ó ní òun gbà mí gbọ́. Ó ní ìyẹn ò wúlò. Àwọn tó fún wọn láṣẹ láti gé ti fọwọ́ sí ogún nọ́ńbà, àtúnṣe kan ń gba ọjọ́ márùndínláàádọ́ta, wọ́n sì máa béèrè ẹ̀rí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n gé ti èmi ní ìkọ̀kọ̀, kékeré, bí èékánná. Ó ní, "Gbémi, you know I can't."

Ó wá bi mí pé kí ló dé tí mo kọ 5. Mo fẹ́ ṣàlàyé ààwẹ̀, ṣàlàyé Pásítọ̀, ṣàlàyé bí a ṣe tọ́ mi dàgbà pé bí ilé bá ń jó, tí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé dáadáa ni, "A dúpẹ́" ni wàá sọ. Mo ṣí ẹnu, gbogbo rẹ̀ dún bí ẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́bi. Mo ní mo fẹ́ kí ó jẹ́ 5.

Ó ní, "We all did."

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo fi ìbòmú afẹ́fẹ́ sí imú arúgbó kan, mo sì ní kó mí.

Sọ́ńdè, Ọ́gọ́ọ̀sì 17

88.0.

Pásítọ̀ tún bi mí. Lónìí mo ní, "Sà, ó ń kú lọ."

"Ah-ah! Sístà Gbémi! We don't confess negative. Ẹ yí i padà kíá."

"Sà, mo fi ojú mi rí i."

"Ojú ti ara nìyẹn. It shall live. Ẹ ṣe àmín."

Mo ṣe àmín. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Inú bí mi sí Pásítọ̀ títí mo fi dé ilé, bẹ́ẹ̀ ẹni rere ni wọ́n, àwọn ló jókòó tì mí ní gbogbo òru tí ìyá mi kú ní Ọ̀yọ́ tí mi ò lè lọ nítorí físà. Wọn ò ní kí n kọ 5. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí ibi tí wọn ò rán mi.

Sátidé, Ọ́gọ́ọ̀sì 23

Ọkọ̀ àwọn tó máa gé iyùn lọ lónìí. Wọn ò gba àwa tí a yọ̀ǹda ara wa. Mo fọ gbogbo aṣọ ilé, títí kan èyí tó mọ́.

Aago mẹ́rin, Bọ̀dá Albert fi fọ́tò tí wọ́n rí gbà látinú ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi: ègé kan lára 30 nínú ike omi, ó funfun, ó tó àkàrà kan lóòótọ́. Lábẹ́ rẹ̀ wọ́n kọ pé, "Mi ò mọ̀ bóyá kí n fi ránṣẹ́ sí ẹ." Mo kọ pé mo bá wọn yọ̀. Mo bá wọn yọ̀ lóòótọ́. Mo tún sunkún ní yàrá ìfọṣọ kí ariwo ẹ̀rọ lè bò mí.

Túsìdeè, Sẹ̀tẹ́ńbà 2

87.9.

Fráìdeè, Sẹ̀tẹ́ńbà 12

Ìjì kan ń bọ̀ láti gúúsù òkun, ìrìn-àjò ọ̀la ti dòfo. Àwọn ọdún yòókù, bí mo bá gbọ́ ìjì, mo máa ń gbàdúrà kó yà. Ní ọdún yìí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá, nítorí ìjì ni ń ru omi tútù ìsàlẹ̀ sókè. Mo ti dórí eékún kí n tó rántí pé èèyàn ń gbé etíkun, pé wọ́n ní òrùlé, wọ́n sì ní ọmọ. Mo dìde láì ṣe àmín.

Mọ́ńdè, Sẹ̀tẹ́ńbà 15

Ìjì náà yà. Àdúrà àwọn ẹlòmíràn ló gbà.

Sọ́ńdè, Sẹ̀tẹ́ńbà 21

Lẹ́yìn ìsìn mo ya ẹ̀gbẹ́ adágún Lewisville. Mo bọ́ bàtà, mo wọ inú omi dé orúnkún pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi. Ó gbóná bí omi ìwẹ̀ ọmọ jòjòló. Ọkùnrin kan tó ń dẹ ẹja bi mí pé ṣé mo sọ nǹkan nù ni. Mo ní rárá.

Sátidé, Òkìtóbà 4

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kọṣẹ́ ní Galveston. Wákàtí márùn-ún lọ, márùn-ún bọ̀, mi ò fojú kan ohun tó ju omi èbúté lọ. Bọ̀dá Albert ra ẹja díndín fún mi, a jẹ ẹ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò láì sọ̀rọ̀ púpọ̀.

84.1. Ó ti ń tutù. Ṣé ó tètè tó?

Mọ́ńdè, Òkìtóbà 20

Lẹ́tà Jessica, ìlà mẹ́ta. Wọ́n ti fi àmì sí gbogbo àkọsílẹ̀ mi, ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: "kò ṣe é gbára lé." Mo ṣì lè máa wọmi. Òfin tuntun wà fún gbogbo wa: ẹni tó bá máa fọwọ́ sí síléètì gbọ́dọ̀ lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i, ẹni tó kọ ọ́ kò sì gbọdọ̀ bá a lọ.

Kò dárúkọ mi nínú òfin náà. Gbogbo ẹgbẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

Sátidé, Nòfẹ́ńbà 8. Nínú ọkọ̀

Omi 77. Òkun tẹ́ bí ẹní. Ooru ti lọ, bí àlejò tó jẹ gbogbo ohun tó wà nílé tán tó wá ń kí wa pé ó dàárọ̀.

A wọmi ní aago mẹ́jọ. 30 ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ti ń padà, àwọ̀ rẹ̀ ti wọlé, ó tó 4 ní apá òkè. Mo yí sí 31.

Ewé òkun ti bò ó. Ewé wẹ́wẹ́, bí irun orí búrẹ́dì tó ti bu. Mo yí i po. Mo wá apá kan, igun kan, ibi tó tó ẹyọ sẹ́ńtì kan tí ẹran ara ṣì wà. Mo fi abẹ́ rẹ̀ wò, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo tún padà sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, Jessica ló sọ bẹ́ẹ̀. Káàdì kò ní nọ́ńbà fún un. Nísàlẹ̀ síléètì ni àpótí kékeré kan wà fún èyí tó bá ti kú, tí mi ò lò rí. Mo fàmì sí i.

Nígbà tí a gòkè, Bọ̀dá Albert gba síléètì lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò ó. Wọn ò wò mí.

"Gbémi, jọ̀ọ́. Má bínú."

"Kò sí ìbínú, sà. Ẹ lọ wò ó."

Lẹ́yìn wákàtí kan àbọ̀, àwọn àti Jessica gbé sílíńdà tuntun, wọ́n tún wọlé. Mo jókòó sẹ́bàá ọkọ̀, mo ń wo ìfófòó wọn tó ń bọ́ lójú omi, mo sì mọ ibi tí wọ́n dé nísàlẹ̀ láti ibi tí ìfófòó náà wà. Ó dúró lórí 31. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Mo gbàdúrà. Mi ò sọ pé kí òkú jí, mi ò ní ẹnu ìyẹn mọ́. Mo ní, Olúwa, jẹ́ kí ó jẹ́ pé irọ́ ni mo tún pa. Jẹ́ kí Bọ̀dá Albert rí ibì kan tí ojú mi ò rí. Kí wọ́n jáde kí wọ́n bú mi níwájú gbogbo ọkọ̀ yìí, kí wọ́n gba síléètì lọ́wọ́ mi títí láé, kí ẹnikẹ́ni má gbà mí gbọ́ mọ́.

Bọ̀dá Albert ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n yọ páìpù lẹ́nu, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú. Wọ́n jókòó tì mí, omi ń kán lára wọn sí ẹsẹ̀ mi.

Wọ́n ní kí n fún àwọn ní pẹ́ńsùlù, kí àwọn fọwọ́ sí i.